Ẹ Má Fún Èkó Ní Àjẹkù

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìnáwó ọmọ o. Manchester ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ọmọ méjì la bí: obìnrin ni àkọ́bí, ọmọ ọdún 24, ọkùnrin ni èkejì, ọmọ ọdún 20. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú owó, wọ́n ní àwọn fẹ́ jọ rin ayé wò. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti Lisbon, wọ́n á lọ sí Salvador ní Brazil, wọ́n á wá sí Accra, wọ́n á sì ti ibẹ̀ gba orí ilẹ̀, Lomé, Kútọnu, títí dé Èkó. Èkó ni wọ́n ní ìrìnàjò máa parí sí. Ìgbà tí wọ́n wà ní kékeré ni wọ́n ti dé ilé kẹ́yìn. Wọ́n ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ òyìnbó ni wọ́n fi ń dáni lóhùn.

Bàbá wọn ò fẹ́. Wọ́n ní kí ni ọmọbìnrin ń wá káàkiri. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ilé, kí wọ́n wọ bàálù tààrà. Wọ́n tún ní bí wọ́n bá dé Èkó náà, kí wọ́n lọ sí òtẹ́ẹ̀lì ní Victoria Island, torí ilé ẹbí àwọn ní Láfíàjí ti gbó. Ìyá tèmi wà ní Agége. Àwọn ọmọ wọ̀nyí sì lè jà o, pàápàá lórí owó. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n lọ? Ibo ni kí wọ́n dé sí? Ìwé ìrìnnà wo ni kí wọ́n mú dání? Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Èkó, ṣé ó tó?

Ìyá Dámilọ́lá

Ìdáhùn

Ìyá Dámilọ́lá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Toronto lèmi ń gbé. Àwọn ọmọ mi méjèèjì, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àti àbúrò obìnrin, ti rin irú ìrìn yìí, Èkó náà ni wọ́n sì parí ẹ̀ sí, nítorí náà mo lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè yín tó kẹ́yìn ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ kan ò tó, kò tiẹ̀ súnmọ́ ọn. Ohun tí mò ń rí lára àwọn ọmọ wa níhìn-ín ni pé wọ́n á ná owó, wọ́n á ná ọjọ́, wọ́n á ná agbára sí gbogbo ilẹ̀ onílẹ̀. Ìgbà tí owó bá tán lápò, tí ara ti ro, tí wọn ò fẹ́ rí báàgì sójú mọ́, ni wọ́n á wá sáré yọjú sí Èkó. Wọ́n á bínú sí ooru, wọ́n á bínú sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, wọ́n á ya fọ́tò létí òkun, wọ́n á padà wá sọ fún yín pé àwọn ti mọ ilé. Àjẹkù ni wọ́n gbé fún Èkó yẹn. Kí àwọn tiyín tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan, kí wọ́n kọ́kọ́ bu ti Èkó sọ́tọ̀, owó ẹ̀ àti ọjọ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, oṣù kan àbọ̀ ni mo máa bù. Bí ọjọ́ ò bá wá tó, Lisbon ni kí wọ́n fò. Láti Manchester, wọ́n lè lọ sí Lisbon lópin ọ̀sẹ̀ kí wọ́n sì padà wá ṣiṣẹ́ ní Mọ́ńdè.

Ẹ bá mi kí bàbá wọn dáadáa. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọkùnrin méjì ni wọ́n bí, ọ̀rọ̀ owó nìkan la ò bá máa sọ báyìí. Ọmọ ọdún 24 tó wá jókòó tì yín, tó ṣàlàyé ọ̀nà tó fẹ́ gbà, ọ̀wọ̀ ló ń bù fún yín yẹn. Pelumi Nubi, ọmọbìnrin wa, dá wa mọ́tò láti London dé Èkó ní 2024, mọ́tò kékeré. Kúnlé Adéyanjú ti gun alùpùpù gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní 2022, ọjọ́ 41 ló fi dé. Tiyín tún wà ní méjì, bọ́ọ̀sì ni wọ́n sì fẹ́ wọ̀.

Ọ̀rọ̀ páálí, ìyẹn ìwé ìrìnnà tí ẹ bèèrè: méjèèjì ni kí wọ́n mú, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Nàìjíríà. Òfin wa ti 1999, abala 25, ní ọmọ Nàìjíríà ni ọmọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ì báà jẹ́ Manchester ni wọ́n ti bí i, abala 28 ò sì ní kó kọ ti ìlú kejì sílẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ hàn lójú ọ̀nà tí wọ́n yàn yìí gan-an. Ti Gẹ̀ẹ́sì á mú wọn wọ Portugal àti Brazil láìsí físà. Àmọ́ tó bá di Gánà, Tógò àti Benin, aláwọ̀ ewé ti Nàìjíríà yẹn ni ọ̀gá, torí ọmọ ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lè wọ ibẹ̀ kó sì lo ọjọ́ 90 láìgba físà. Bí wọ́n bá mú ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan dání, físà ni wọ́n á máa wá kiri, títí kan ti ilé bàbá wọn. Kí orúkọ inú páálí méjèèjì bára mu o, lẹ́tà sí lẹ́tà. Kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú, kí wọ́n sì tọ́jú káàdì yẹ́lò rẹ̀ mọ́ páálí, wọ́n á bèèrè rẹ̀ ní Accra, wọ́n á tún bèèrè rẹ̀ lẹ́nu ibodè. Kí wọ́n lo oògùn ibà. Pé wọ́n ń jẹ́ Yorùbá ò kan ẹ̀fọn.

Ní ti ìjà, wọ́n á jà. Àwọn tèmi jà ní Salvador lórí owó yàrá, odindi ọjọ́ kan ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Tó wá di ìrọ̀lẹ́, ebi mú wọn dé ìdí ìyá aláṣọ funfun kan ládùúgbò Pelourinho tó ń dín àkàrà nínú epo pupa. Ó la àkàrà náà láàárín, ó ki edé àti ata sí i, ó nawọ́ ẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n bù ú sí méjì, ó ki ìlàjì sọ́wọ́ àbúrò, àbúrò ò sì kọ̀ ọ́. Òun ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sọ ohunkóhun nípa owó yàrá, àkàrà ló ń ròyìn: ‘Mọ́mì, ó ta ju tiyín lọ!’ Mo dákẹ́. Àpò kan ni kí wọ́n jọ ní fún yàrá, oúnjẹ àti ọkọ̀, kí kálukú wá ní tiẹ̀ lọ́tọ̀ fún fàájì. Kí ẹni tó mọ ìṣirò jù sì di àpò náà mú, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa pe Dámilọ́lá ní ìdákọ́ńkọ́ kó wá ròyìn àbúrò rẹ̀. Ẹ bá ọkùnrin yẹn fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sọ ọ̀kan di ọlọ́pàá fún èkejì, ibi tí wọ́n bá dé ni wọ́n ti máa túká.

Bí wọ́n bá ti kúrò ní Kútọnu, kí wọ́n yà ní Àjàṣẹ́, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Ibẹ̀ ni etí wọn á ti kọ́kọ́ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà níbẹ̀ tí ẹ máa fi ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, ìpínlẹ̀ tí Salvador wà, pè bí ẹ bá rí i lókèèrè. Ọ̀sán gangan ni kí wọ́n kọjá ní ibodè Ṣẹ̀mẹ̀, kí wọ́n gba òǹtẹ̀ ìjáde àti òǹtẹ̀ ìwọlé. Èrò á máa sọ fún wọn pé kò pọn dandan. Kí wọ́n gbà á. Àwọn aláṣọ á dá bọ́ọ̀sì dúró léraléra lọ́nà Àgbádárìgì. Kí wọ́n kí wọn, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí fóònù wà lápò.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé mọ́tò lọ pàdé wọn ní Ṣẹ̀mẹ̀, ẹ ní kó dúró de wọn ní Marina. Kí àwọn ọmọ sọ̀ ní Mile 2, kí wọ́n ra káàdì Cowry tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀, kí wọ́n wọ Blue Line, rélùwéè tó ti ń ná Mile 2 sí Marina láti oṣù kẹsàn-án 2023. Ó máa gba orí omi kọjá kó tó wọ Marina, ilé gogoro ìsàlẹ̀ Èkó á máa bọ̀ níwájú wọn. Èmi ò mọ ọ̀nà ìwọ̀lú tó tún dáa ju ìyẹn lọ. Láti ibẹ̀ sí Láfíàjí, kò jìnnà mọ́.

Láfíàjí tí bàbá wọn ń fi òtẹ́ẹ̀lì sá fún yìí wá ni gbogbo ọ̀rọ̀ o. Ẹni tó ti Salvador bọ̀ tó wá lọ sùn ní Victoria Island, kí ló rí? Láfíàjí, Campos, òpópónà Bámgbóṣé, Pópó Àgùdà, ilé àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil àti Cuba padà wálé láyé àwọn baba ńlá wa ni gbogbo ibẹ̀. Wọ́n kó wọn lẹ́rú lọ, àwọn kan rà ara wọn padà, àwọn mìíràn kúrò ní Salvador lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú dì níbẹ̀ ní 1835, wọ́n wọkọ̀ ojú omi wá, wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ káfíńtà àti fẹ̀rẹ̀jọ́ọ̀nù, oúnjẹ ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, wá. Àwọn Sàró ń ti Sierra Leone bọ̀ nígbà kan náà. Kí àwọn ọmọ lọ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins, tí wọ́n ṣí ní 1894: ọmọ Sàró ló náwó ẹ̀, Àgùdà ló yàwòrán ẹ̀. Kí wọ́n dé ìdí Water House ní Kakawa, níbi tí ará Èkó ti ń ra omi láyé àtijọ́. Kí wọ́n má wulẹ̀ wá Ìlọ́jọ̀ Bar kiri ní Tinúbú, wọ́n ti wó o ní 2016, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bí mi nínú. Àwọn ọmọ yín á ti rí ojú fèrèsé wọ̀nyẹn ní Bahia. Wọ́n á tún un rí ládùúgbò bàbá wọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn.

Ilé ti gbó, mo gbà. Owó òtẹ́ẹ̀lì yẹn ni kí ẹ fi tún yàrá kan ṣe: ọ̀dà, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, sólà kékeré tí fáànù lè lò, kí ẹ sì rí i pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dáa. Kí wọ́n sun ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọ́n bá fẹ́ lọ gbatẹ́gùn ní òtẹ́ẹ̀lì fún alẹ́ ọjọ́ kan, kò sẹ́ni tó máa bínú. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n kọ́kọ́ dé sí, àlejò ni ilé máa kà wọ́n sí títí wọ́n á fi lọ.

Èbúté Mẹ́ta ni àwọn tèmi dé sí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi. Ìyá àgbà ò bèèrè ìrìnàjò rárá. Wọ́n bu omi tútù fún wọn, wọ́n fa ọmọbìnrin mi mọ́ra, wọ́n tú ìdí irun tó dì ní Accra wò, wọ́n ní, ‘Ta ló dirun yìí fún ẹ? Ó le jù.’ Bí wọ́n ṣe ń tú irun náà ni wọ́n ń ki í, Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́, orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò fi pè é rí ní Toronto. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lọ dọ̀bálẹ̀, ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí, báàgì ló gbé orí lé, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n rán an lọ ra ẹ̀wà agọ̀yìn. Ó sọ Yorùbá méjì mẹ́ta fún obìnrin náà, obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì ta ọbẹ̀ lé e lórí. Àwọn ìbátan yín á fi àwọn tiyín ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ẹ̀rín yẹn ló máa la ẹnu wọn.

Ohun kan tí mo kórìíra ni kí ọmọ máa pín owó fún àgbà. Ẹ fi owó ìkíni ránṣẹ́ sí olórí ẹbí ṣáájú, kí wọ́n bá yín pín in. Ọwọ́ ọmọ ò gbọdọ̀ ṣófo, àmọ́ bísíkíìtì àti ọṣẹ ti tó.

Kí wọ́n lọ sùn lọ́dọ̀ ìyá yín ní Agége, kí wọ́n má kí wọn lórí ìdúró. Kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì kúrò ní Erékùṣù gba orí afárá Carter, kí wọ́n sọ̀ ní Oyíngbò, kí wọ́n wọ Red Line, rélùwéè tó ti ń ná Oyíngbò sí Agbádó láti oṣù kẹwàá 2024. Agége wà lójú ọ̀nà náà. Òkadà ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù àti Èbúté Mẹ́ta láti 2022, ẹni tó bá ní kí wọ́n gun tòun, kí wọ́n kọ̀.

Oṣù kọkànlá ni kí ẹ ní kí wọ́n fojú sí. Òjò oṣù kẹfà àti keje á bo Láfíàjí mọ́lẹ̀, oṣù kejìlá sì ni gbogbo ará òkè òkun ń ya wọlé, ohun gbogbo á gbówó lórí. Bí bàbá wọn bá ti gbà, NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé, torí láìsí i, wọn ò ní tẹ páálí aláwọ̀ ewé fún wọn, ó sì lè pẹ́. Ẹ fún ọ̀rọ̀ náà ní oṣù mélòó kan.