Gíríìkì ti Kapadókíà: ibi tó yẹ kí o wò bí ètò ọ̀rọ̀ bá yí padà

Àbúrò mi, o bèèrè bóyá ìfarakínra èdè lè yí ètò ọ̀rọ̀ padà lóòótọ́, àbí ọ̀rọ̀ àyálò nìkan ló ń kó wọlé. Ó lè yí i padà dáadáa. Orí Gíríìkì ti Kapadókíà, èdè àwọn Gíríìkì tó gbé láàárín àwọn Tọ́kì ní àárín ilẹ̀ Tọ́kì, ni mo ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí oyè mi, ojú mi sì rí tó.

Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọ̀rọ̀-ìṣe. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń sáré lọ, torí pé ìparí gbólóhùn ni ọ̀rọ̀-ìṣe Tọ́kì sábà máa ń wà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìtàn tí R. M. Dawkins gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ará abúlé, tó tẹ̀ jáde ní 1916, ọ̀rọ̀-ìṣe ṣì ń rìn síwá sẹ́yìn. Àpólà-orúkọ, ìyẹn orúkọ àti àwọn ọ̀rọ̀ tó ń bá a rìn, ni kí o dojú kọ.

Gíríìkì ti Athens ń sọ "ilé bàbá mi" bí àwa ṣe ń tò ó: ilé ló ń ṣáájú. Tọ́kì ní "babamın evi", bàbá ló síwájú. Ti Tọ́kì ló borí ní Kapadókíà. Gíríìkì àtijọ́ kúkú gba méjèèjì; Tọ́kì kàn ti ọ̀kan lẹ́yìn títí ó fi di bárakú ni.

Abúlé Silli, nítòsí Konya, ló yà mí lẹ́nu jù. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ "ọmọ tí mo rí", wọ́n á ní "kiat íra perí": "tí" kọ́kọ́ wá, "mo rí" tẹ̀ lé e, "ọmọ" gbẹ̀yìn. Tọ́kì kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan tó ń ṣiṣẹ́ "tí" níbẹ̀. "Gördüğüm", ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dúró fún "tí mo rí", ti tó wọn. Àwọn ará Silli di "tí" tiwọn mú, ipò ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n yá. Ẹni tó bá ní èdè wọn ti bàjẹ́ kò fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Àdéhùn Lausanne ti 1923, tí Gíríìsì àti Tọ́kì fi ṣe pàṣípààrọ̀ ènìyàn, ló kó àwọn tó ń sọ Gíríìkì ti Kapadókíà lọ sí Gíríìsì. Wọ́n ti rò pé èdè náà ti kú kí àwọn onímọ̀ èdè Mark Janse àti Dimitris Papazachariou tó rí àwọn tó ṣì ń sọ ọ́ ní 2005. Bí o bá fẹ́ lọ gbóhùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀, rántí pé Gíríìkì ilé-ìwé ti ń fa èdè wọn láti ìgbà tí wọ́n ti dé Gíríìsì. Kọ ọdún tí wọ́n bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àti bó ṣe kàwé tó, sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí o tó fi wé ti Dawkins.