Bàálù Ogun Mélòó Gan-an La Ní?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ máa ṣe ìwé kékeré kan lọ́dọọdún, tí màá fi to iye bàálù ogun àti sátẹ́láìtì Nàìjíríà jọ, báwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe tiwọn, kọ́mọ iléèwé lè rí i kà. Ṣùgbọ́n lórí bàálù ogun tí wọ́n ń pè ní Super Tucano nìkan, ìwé ìròyìn kan ní 12, òmíràn ní 6, ọ̀kan ní a ò tíì gba ìkankan. Èwo ni kí n mú? Òǹkàwé, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o káre, inú mi dùn sọ́rọ̀ yìí gan-an. Kò sí èyí tó parọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, déètì ni kó o lọ wò. 2018 ni wọ́n buwọ́ lùwé pé a fẹ́ ra 12, àmọ́ July 2021 ni 6 àkọ́kọ́ tó balẹ̀ sí Kánò, ìyókù wá dé kọ́dún yẹn tó parí. Ẹni tó kọ̀wé ní 2019 tó ní a ò tíì gbà á, òótọ́ ló sọ.

Torí náà mú ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún, ká ní 31 December, kó o má kúrò níbẹ̀ mọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà, 30 September ni tiwọn sábà máa ń jẹ́, torí 1 October lọ́dún ìnáwó ìjọba wọn ń bẹ̀rẹ̀, tó o bá fẹ́ gbé tiwa sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn o gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Bàálù tá a ní àti èyí tó lè fò lónìí, kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ jàre, torí èyí tí wọ́n ń tún ṣe ò kúrò lára tiwa.

Má da ìwé èṣí kọ o! Sátẹ́láìtì wa tó ń jẹ́ NigComSat-1 lọ sókè ní May 2007, ó kú ní November 2008, December 2011 ni NigComSat-1R tó rọ́pò ẹ̀ tó gòkè. Ẹni tó bá kàn da ìwé 2007 kọ sínú ti 2009, òkú ló kà mọ́ alààyè yẹn.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí. Ní láìbrárì kan n'Íbàdàn yìí, mo fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà kún ojú ìwé mẹ́rin látinú ìwé ìròyìn àtijọ́, mi ò kọ déètì sí ìkankan, nígbà tí mo padà dé wọ́n ti kó àwọn ìwé ìròyìn yẹn lọ síbi tí wọ́n ti ń dì wọ́n pọ̀ bí ìwé, bí gbogbo ẹ̀ ṣe ṣòfò nìyẹn, ó dùn mí débi pé mi ò lè jẹun alẹ́.

Tó o bá fẹ́ bi ìjọba, òfin 2011 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ àtibéèrè ìwé ìjọba wà, àmọ́ wọ́n lè fi ti ààbò ìlú pa mọ́ lábẹ́ òfin yẹn kan náà. Ibi tí wọn ò bá ti dáhùn, fi í sílẹ̀ lófìfo, má méfò. Tó o bá sì rí àṣìṣe lẹ́yìn tó o ti tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé àkọ́kọ́ ti ọdún tó ń bọ̀ ni kó o ti tún un ṣe.