Èsì: Ta ni yóò sanwó ògbufọ̀ fún òṣìṣẹ́ tó jẹ́ adití?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ gba adití kan síṣẹ́, ẹ sì fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù Access to Work nítorí owó ògbufọ̀ rẹ̀. Ètò ìjọba Ìlú Ọba ni, tó ń sanwó ìrànlọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ fún àwọn tó ní ìpèníjà ara. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ fọ́ọ̀mù náà. Ẹni tí ẹ fẹ́ gbà fúnra rẹ̀ ló máa kọ ọ́. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dojú rú fún yín, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣe àṣìṣe yẹn.

Nípasẹ̀ ètò yìí, ìjọba lè san owó ògbufọ̀ èdè àmì, bí iṣẹ́ bá ti wà ní England, Scotland tàbí Wales. Ẹ ní òṣìṣẹ́ mẹ́fà péré lẹ ní. Iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 50, wọn kì í ní kó dá nínú owó irinṣẹ́. Owó oṣù ṣì wà lọ́rùn yín o.

1. Ẹ fún un ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, kí ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀.
2. Kó kọ fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n máa ń pẹ́ fèsì.
3. Ẹ má sáré ra ẹ̀rọ kí ìfọwọ́sí tó dé. Ẹ tọ́jú rísíìtì.

Àwọn nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́, bíi kí ẹ gbé tábìlì rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà kó lè rí ẹni tó ń wọlé, òfin Equality Act 2010 ti ní kí ẹ̀yin ṣe é. Ẹ má retí owó lórí ìyẹn.