Ṣé òkèlè ńlá ló ń ti eegun ẹja tó há lọ́fun lọ?

Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń fúnni l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ni pé kéèyàn gbé òkèlè àmàlà ńlá mì. Ẹ má ṣe é. Lóòótọ́, ó máa ń ti eegun tín-ín-rín lọ nígbà mìíràn, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ṣóńṣó rẹ̀ bá ti wọ ara ọ̀fun, ṣe ni òkèlè á tún tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ó lè dá ihò sí ọ̀nà oúnjẹ, kí ibẹ̀ sì kẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà kì í yọ́ eegun, kì í pẹ́ lọ́fun tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ dáwọ́ oúnjẹ dúró, ẹ wúkọ́ díẹ̀, ẹ rọra mu omi. Ẹ má ki ìka bọ ọ̀fun. Bó bá ṣì ń gún yín, ilé ìwòsàn ńlá tó ní dókítà ọ̀fun ló kù, bíi LAUTECH Teaching Hospital. Eegun ẹja míì kì í hàn nínú X-ray o, torí náà, bí X-ray kò bá rí nǹkan kan, kò túmọ̀ sí pé ó ti lọ.

Bí itọ́ kò bá ṣeé gbé mì, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, tí ọrùn wú, tí àyà ń dunni tàbí tí mímí ṣòro, ẹ má dúró di àárọ̀.