Ọmọ mi ń lọ sí Jámánì fún sáà kan: kí ni kó dì sínú àpótí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ ni ọmọbìnrin mi wà. Wọ́n mú un láti lọ kàwé fún sáà kan ní Jámánì, oṣù kẹwàá ló ń lọ. Físà ti jáde. Àpótí kan péré ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbà, 23 kílò. Àmọ́ màmá mi ti ń yan ẹran fún un, èmi náà ti ra èlùbọ́, ẹrù ti gba yàrá kan. Kí ni kó kó, kí ni kó fi sílẹ̀? (Ìyá kan, Iléṣà)

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, ìyá wa. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Lágéré, n'Ífẹ̀ níbí, ni pé mo máa ń bá àwọn ọmọ tó ń lọ kàwé lókè òkun to ìwé àti ẹrù wọn. Oúnjẹ ló máa ń kún àpótí, àmọ́ ìwé ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ti èlùbọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Páásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà tí ilé ìwé ọ̀hún fi gbà á, èsì ìdánwò rẹ̀, ìwé inṣọ́ránsì ìlera àti ìwé ilé tó máa gbé, inú báàgì ọwọ́ ni kí gbogbo wọn wà. Kó ya fọ́tò wọn, kó fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Nígbà tí èmi náà lọ kàwé, inú àpótí ńlá ni mo kó tèmi sí. Mo dé, àpótí ò dé. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dùn mí tó bí wọ́n ṣe ń dá mi padà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ọ́fíìsì tí mo bá dé. Ní Jámánì, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó bá ti wọ ilé ni kó lọ forúkọ àdírẹ́sì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú, wọ́n á sì béèrè ìwé tí onílé fọwọ́ sí.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n ní kó ti owó mọ́ àkáǹtì kó tó gba físà, owó yẹn kì í jáde lọ́jọ́ tó bá dé. Ọmọ yín ní láti kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì báńkì níbẹ̀ ná. Kó mú yúrò tó máa ná fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta dání.

Ó wá kan oúnjẹ. Ẹ má bínú, ẹran yíyan Màmá ò lè lọ. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ò gba ẹran àti wàrà lọ́wọ́ èrò tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa, ì báà gbẹ bí igi. Ẹran ni pọ̀nmọ́ náà lójú wọn, mílíìkì oníyẹ̀fun náà sì wà níbẹ̀. Iṣu tútù, ata tútù àti ewédú tútù nílò ìwé ẹ̀rí pé kò sí kòkòrò lára wọn. Ta ló fẹ́ lọ máa wá ìyẹn kiri? Ẹja gbígbẹ ni ọ̀nà wà fún: tí kò bá ti ju 20 kílò lọ, tó sì jẹ́ fún jíjẹ ara rẹ̀, wọ́n gbà á. Èlùbọ́ àti gààrí, kílò méjì-méjì tó. Ẹ dì wọ́n dáadáa nínú ọ̀rá, kí ẹ kọ orúkọ wọn sí i lára, torí ìyẹ̀fun tí kò lórúkọ máa ń fa ìbéèrè.

Ní ti otútù, ọyẹ́ Iléṣà ò tó nǹkan kan lára rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má ra kóòtù mẹ́ta. Ẹ wá ọ̀kan tó nípọn nínú òkìríkà, kó wọ̀ ọ́ wọ ọkọ̀ òfurufú. Wọn kì í wọn aṣọ ọrùn èèyàn, àpò kóòtù náà sì ń gba ẹrù! Kó lọ ra ìyókù níbẹ̀. Kó dirun kó tó lọ, kó sì fi àtáṣímẹ́ǹtì bíi mélòó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Kò wúwo, owó irun dídì lọ́hùn-ún á sì yà yín lẹ́nu.

Ẹnu ṣájà wa ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ò wọ ihò iná wọn, èyí tó jẹ́ roboto méjì. Ádápítọ̀ méjì tó, torí agbára iná wọn kò yàtọ̀ sí tiwa. Báàgì ọwọ́ ni páwà báńkì ń wà, kì í wọ àpótí ńlá.

Kó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kó tó lọ. Jámánì kì í béèrè káàdì rẹ̀, àmọ́ wọ́n lè béèrè ní pápákọ̀ òfurufú wa n'Íkẹjà. Oògùn tó bá ń lò, inú páálí rẹ̀ ni kó wà, pẹ̀lú ìwé dókítà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù rèé: tí ara rẹ̀ bá gbóná láàárín oṣù àkọ́kọ́, kó sọ fún dókítà kíá pé Nàìjíríà lòun ti wá, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà màláríà. Dókítà ibẹ̀ lè rò pé otútù lásán ni.

Ẹ wọn àpótí nílé kó tó di ọjọ́ ìrìn àjò, kí ẹ sì fi í sí kílò 22. Ní ti ẹran yẹn, ẹ fi se ọbẹ̀ kó jẹ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó máa lọ. Ẹ ní kí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹja.