Èsì: Ṣé bakitéríà lè ba eyín àtọwọ́dá jẹ́?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní níwọ̀n bí eyín tí wọ́n rì mọ́ eegun àgbọ̀n yín ti jẹ́ irin, kí ni bakitéríà fẹ́ fi í ṣe? Lóòótọ́, kò lè jẹ ẹ́ ṣíhò. Ṣùgbọ́n èrìgì tó yí i ká ńkọ́? Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Lára eyín àbínibí, àwọn fọ́nrán tín-ín-rín inú èrìgì wọnú ara gbòǹgbò eyín, wọ́n dì í mú ṣinṣin. Ti titaniọ́ọ̀mù, ìyẹn irin tí wọ́n fi ṣe eyín àtọwọ́dá yìí, ò rí bẹ́ẹ̀: ńṣe ni àwọn fọ́nrán náà kàn yí i po bí ọrùn ẹ̀wù, wọn ò wọnú rẹ̀. Bakitéríà á wá tètè ráyè yọ́ sọ̀kalẹ̀ síbi eegun.

Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe àjèjì. Láti ara eyín tó kù lẹ́nu ni wọ́n ti ń ṣí wá. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Porphyromonas gingivalis, tó ń ba èrìgì jẹ́, wà lára eyín àbínibí àti ti àtọwọ́dá. Bakitéríà tí èmi ò fọkàn tán ni Staphylococcus aureus, torí ó máa ń lẹ̀ mọ́ titaniọ́ọ̀mù dáadáa.

Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ lára búrọ́ọ̀ṣì, ẹ má dúró de ìrora o. Eegun lè ti máa jẹ lọ lábẹ́lẹ̀ láìdùn yín rárá. Ẹ tètè lọ rí dókítà eyín.