Áńtẹ́nà tó ń ṣọ́ dróònù, ṣé kì í yí ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Olóòtú. Àbúrò mi tó wà ní London ló ń sọ bí wọ́n ṣe ti pápákọ̀ òfuurufú Gatwick ní December 2018, nítorí wọ́n ní àwọn rí dróònù. Mo wá rí fọ́tò ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń ṣọ́ nǹkan yẹn, pẹlẹbẹ bíi tíréè, kò sì yí. Báwo ló ṣe ń mọ apá ibi tí dróònù wà? – Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun. Ẹ rántí ìgbà tá a máa ń yí òpó áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n, tọ́mọ kan á máa pariwo lójú fèrèsé pé "Ó ti mọ́! Háà, ó tún ti lọ, ẹ dá a padà díẹ̀!" Áńtẹ́nà eegun ẹja yẹn, tí onímọ̀ ẹ̀rọ méjì, Yagi àti Uda, gbé jáde ní Japan ní 1926, ibi tó bá kọjú sí ló ń gbọ́, ó sì ń gbọ́ ọ̀nà jíjìn, àmọ́ tó bá kan ẹ̀gbẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dití. Tẹ́ ẹ bá wá fi mọ́tò yí i kiri, kó tó yí dé, dróònù lè ti kọjá.

Tíréè tẹ́ ẹ rí yẹn, áńtẹ́nà kéékèèké ni wọ́n tò sínú ẹ̀, ìgbì rédíò tí dróònù àti rìmóòtù ẹ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Ká ní 2.4 gigahertz (ìyẹn bí ìgbì rédíò ṣe ń yára gbọ̀n tó) ni rìmóòtù dróònù ń lò, gígùn ìgbì ẹ̀ kan ò ju sẹ̀ǹtímítà 12 ààbọ̀ lọ, ìdajì ẹ̀, bíi 6, ni wọ́n á fi jìnnà síra. Tí dróònù bá wà lápá ọ̀tún, áńtẹ́nà ọ̀tún ló máa kọ́kọ́ gbọ́, kọ̀ǹpútà á wá ní kó dúró de àwọn tó kù kí ohùn gbogbo wọn lè jọ bọ́ síra, á máa dán oríṣiríṣi ìdúró wò, èyí tóhùn bá ti ròkè jù níbẹ̀ ló ń sọ apá ibi tí dróònù wà. Ìdúró ọ̀hún ò tó nǹkan o, tí dróònù bá fi dígírì 30 yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì kan péré ni láti áńtẹ́nà kan sí èkejì! Tí wọ́n bá to mẹ́jọ nílà, ojú tó fi ń wò á fún pọ̀ dé bíi dígírì 13.

Ibi tó ti máa ń dojú rú ni kéèyàn gbé tíréè 2.4 yìí lọ gbọ́ dróònù tó ń lo 5.8 gigahertz. Gígùn ìgbì tibẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 5 àti díẹ̀ lọ, àwọn áńtẹ́nà ti wá jìnnà síra jù, dróònù kan ṣoṣo á wá máa dà bíi pé ó wà níbi méjì mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín pé ó ń gbọ́ méjèèjì, ẹ ní kó ṣí i kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó.

Dróònù tí wọ́n ti ṣètò ọ̀nà ẹ̀ láti ilẹ̀, tí ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lójú ọ̀run ńkọ́? Áńtẹ́nà yìí ò ní gbọ́ ọ rárá, rédà tàbí kámẹ́rà nìyẹn ń fẹ́.